Ojú Kámẹ́rà, Ojú Òǹwòran: Ìlànà fún Kíka Fíìmù Yorùbá ní Kíláàsì Lítíréṣọ̀

Ìfáárà

Fíìmù ti wọ kíláàsì lítíréṣọ̀ Yorùbá, à báà pè é, à báà má pè é. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974 di fíìmù ní ọdún 1997 lábẹ́ ìdarí Túndé Kèlání. Ṣaworoidẹ jáde ní fíìmù ní ọdún 1999 kí ó tó di ìwé eré-onítàn tí a lè gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣáájú méjèèjì, Ọlá Balógun ti fi Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí, ṣe Ìjà Òmìnira ní ọdún 1979. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń yẹ ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò yóò ti bá irú ọmọ kan pàdé: ọmọ tí kò ka ìwé, tí ó wo fíìmù, tí ó sì fi ohun tí ó wò dáhùn ìbéèrè lórí ohun tí a kọ. A máa ń fa igi sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, a ó sì ṣí ojú ewé tí ó kàn.

Fífa igi náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀. Ọmọ náà gbà pé ìtàn kan náà ni òun rí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé fíìmù pẹ̀lú ní asọ̀tàn. A ti kọ́ ọ pé Àkàràògùn ni ó ń sọ ìtàn fún akọ̀wé nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). A ti kọ́ ọ pé ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti gbọ́ ìtàn nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Nígbà tí ó bá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó rò pé ojú ara òun ni òun fi ń wò.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé kámẹ́rà ni asọ̀tàn inú fíìmù. Ibi tí a gbé e dúró sí, bí ó ṣe súnmọ́ ènìyàn tó, àti bóyá òkè ni ó ń wò tàbí ilẹ̀, ni ó ń darí òǹwòran sí ẹni tí yóò bá kẹ́dùn àti ẹni tí yóò bẹ̀rù. A ó sì jiyàn pé a kò gbọdọ̀ gba ìtumọ̀ àwọn ipò wọ̀nyí lódindi láti inú ìwé àwọn ará òkè òkun, nítorí pé Yorùbá ti ní ìlànà wíwò tirẹ̀ kí sinimá tó dé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Nígbà tí àwọn aṣáájú wa gbé ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, apá kìíní ní ọdún 1984 tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, apá kejì ní ọdún 1990 tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí a lè fi èdè wa kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ wa láìyá ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lò. Ní ipa ẹsẹ̀ wọn ni a fi dábàá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Tí a bá wo bí kámẹ́rà ṣe jìnnà tó, oríṣi àwòrán mẹ́ta ni ó ṣe kókó. Àwòrán òkèèrè ni èyí tí ó fi gbogbo ara ènìyàn hàn pẹ̀lú ilé, igi àti àwọn tí ó yí i ká. Àwòrán àárín bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí tàbí àyà dé orí; òun ni a sábà máa ń lò bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀. Àwòrán àsúnmọ́ mú ojú nìkan, tàbí ọwọ́ nìkan, tàbí ohun kékeré kan bí òrùka.

Tí a bá wo bí kámẹ́rà ṣe ga tó, mẹ́ta náà ni. Ìwòsókè ni ti kámẹ́rà tí ó wà nísàlẹ̀ tí ó ń wo ènìyàn lókè. Ìwòsílẹ̀ ni ti kámẹ́rà tí ó wà lókè. Ìwò-ọ̀gbọọgba ni ti kámẹ́rà tí ó bá ojú ènìyàn dọ́gba. Ohun tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ fíìmù máa ń sọ kò gùn: ìwòsókè ń fi agbára hàn, ìwòsílẹ̀ ń fi àìlágbára hàn, àwòrán àsúnmọ́ ń fi inú ènìyàn hàn, àwòrán òkèèrè ń fi ipò ènìyàn ní àwùjọ hàn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ lè há a sórí bí ẹni há álífábẹ́ẹ̀tì sórí, kí ó máa fi ka gbogbo fíìmù láìwo ẹni tí ó ni àṣà.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ojú wa

Ọ̀rọ̀ bóyá àwọn ènìyàn wa lè ka àwòrán kámẹ́rà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, ìyẹn Colonial Film Unit. Olórí rẹ̀ ni William Sellers, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ní Nàìjíríà, tí ó sì ti ń fi fíìmù kọ́ àwọn ará ìlú ní ìmọ́tótó. Sellers gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe fíìmù fún àwa ènìyàn dúdú: kí àwòrán máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó pẹ́ lójú, kí a má ṣe máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn, kí a sì sá fún àrà kámẹ́rà. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó gbà pé ojú wa kò tíì gbó tó.

Ìtàn kan wà tí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń sọ láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Wọ́n ní àwọn ará abúlé kan wo fíìmù ìlera tí ó fi ẹ̀fọn hàn ní àwòrán àsúnmọ́ títí ó fi kún gbogbo aṣọ funfun tí a ta. Wọ́n ní àwọn ará abúlé náà dáhùn pé ọkàn àwọn balẹ̀, ẹ̀fọn tó tóbi tó báyìí kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdáhùn náà wò dáadáa. Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún àlejò onígbéraga lára yóò béèrè bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí kì í bá sì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ̀bi ta ni? Ẹni tí ó ń kọ́ni kò fi ẹ̀fọn lásán hàn kí ó tó sọ ọ́ di ńlá. Kò fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ènìyàn kí a lè mọ bí ó ṣe tóbi tó. Bí olùkọ́ bá fo ẹsẹ̀ kan nínú àlàyé, a kì í dá ọmọ lẹ́bi pé orí rẹ̀ kú.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo débi pé ní ọdún 1952, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn kan, Peter Morton-Williams, lọ sí àwọn abúlé ní Nàìjíríà, ti Yorùbá wà lára wọn, láti mọ ojú tí wọ́n fi ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Ilé iṣẹ́ Sellers kógbá wọlé ní ọdún 1955. Ẹ̀sùn náà kò bá a lọ. Ó ṣì ń fara hàn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ pé fíìmù Yorùbá gbọ́dọ̀ pariwo, kí ó sì ṣàlàyé ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn òǹwòran tó lè lóye rẹ̀.

Ẹ̀sùn mìíràn tún wà tí àwọn tiwa fi kàn wọ́n padà. Ní ọdún 1965, Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, bá Jean Rouch, ará Faransé tí ó ń ya fíìmù nípa àwọn ènìyàn dúdú, sọ̀rọ̀ lójúkojú pé ó ń wo wá bí ẹni ń wo kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ojú kámẹ́rà gan-an ni èyí. A lè wo ènìyàn láti ibi tí a ti ń rí gbogbo ohun tí ó ń ṣe, kí a má sì rí ìdí kan tí ó fi ń ṣe é.

Ojú Yorùbá kí sinimá tó dé

Kí a tó gbọ́ orúkọ kámẹ́rà rárá, Yorùbá mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ó ń pinnu ohun tí yóò rí. Òwe wa ní ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i. Òwe yìí yí ìlànà àwọn ará òkè òkun po: ó ní gíga nìkan kọ́ ni ìmọ̀, àti pé ẹni tí ó wà nílẹ̀ lè rí jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìkíni. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ ń wo àgbà láti ìsàlẹ̀. Àgbà ń wò ó láti òkè, ó sì ń súre fún un. Bí a bá ya ìran yìí pẹ̀lú ìwòsókè, a lè rí agbára lára àgbà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìfẹ́ sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń mu ọmú a máa wo ojú ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìyá náà ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwòsílẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà ní ipò àgbà tí ó sì ń wo ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀, ìwé àwọn ará òkè òkun yóò ní ọmọ náà di aláìlágbára. Yorùbá yóò ní ọmọ náà ń gba ìre.

Ta tún ni ó ń wo ènìyàn láti òkè? Nínú ìtàn wa, ẹyẹ ni. Ẹ̀rù àwọn ìyá ẹlẹ́yẹ wà lára ohun tí Yorùbá fi ń rántí pé ojú kan lè wà lókè tí ènìyàn kò rí. Lónìí, àwọn olùdarí fíìmù ní ẹ̀rọ kékeré tí ń fò, wọ́n sì fẹ́ràn láti fi ya ìlú àti ààfin láti òfuurufú. Ìlú á dára lójú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ Yorùbá béèrè: ẹyẹ ta ni ó ń fò yìí? Bí fíìmù kò bá ní ìdáhùn, ẹwà lásán ni àwòrán náà, kò sọ ìtàn kankan.

Ọ̀rọ̀ ọba tún wà níbẹ̀. Adé ńlá ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ń ṣẹ́ sílẹ̀ bo ojú ọba, kí ojú gbogbo ènìyàn má ba à to ojú rẹ̀. Ọmọdé kì í sì í tẹjú mọ́ àgbà lójú bí wọ́n bá ń bá a wí. Bí olùdarí fíìmù bá wá mú ojú ọba ní àwòrán àsúnmọ́ títí a fi ń rí òógùn iwájú orí rẹ̀, ó ti gbé òǹwòran dé ibi tí ìjòyè pàápàá kò dé. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ó lè jẹ́ ọgbọ́n ńlá, pàápàá bí ìtàn náà bá dá lórí ọba tí ó ti ba oyè jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé fún òǹwòran Yorùbá, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ kan tí kò ní fún ẹlòmíràn: ó tú ọba ní ìbòjú.

Àwa nìkan kọ́ ni àṣà wa ń sọ gíga kámẹ́rà fún. Yasujiro Ozu ní ilẹ̀ Japan, ẹni tí ó ṣe Tokyo Story ní ọdún 1953, máa ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, níbi tí ojú ẹni tí ó jókòó lórí ẹní yóò wà, nítorí pé orí ẹní ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé jókòó nínú ilé wọn. Bí a bá ka ìwòsókè inú fíìmù rẹ̀ sí agbára, a ti ṣì í kà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: ojú ta ni a fi ń wò ó?

Láti agbo eré sí inú sinimá

Nínú agbo egúngún tàbí ti alárìnjó, òǹwòran kò ní ibùjókòó pàtó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ oníjó a bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí onílù a yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọdé a gun igi tàbí èjìká bàbá rẹ̀. Eré kan ṣoṣo ni, ojú tí ó ń wò ó pọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, kálukú ni ó sì yan ipò rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Sinimá gba yíyàn yìí lọ́wọ́ òǹwòran. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jókòó sínú gbọ̀ngàn, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, ojú náà sì jẹ́ ti olùdarí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré orí ìtàgé wa kò fẹ́ gba ipò yìí pátápátá. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Ayé (1979), Jáyésinmi (1981) àti Àròpin N'Tènìyàn (1982) jáde, ọ̀pọ̀ ìran inú wọn ni ó ní àbùdá ìtàgé: àwòrán òkèèrè, òṣèré púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orin àti ijó tí a kò gé kúrú. Àwọn alárìíwísí kan ka èyí sí àìmọ̀ọ́ṣe. Àwa gbà pé èrè àti àdánù ni ó bí. Èrè rẹ̀ ni pé òǹwòran ṣì lè yan ẹni tí yóò wò nínú àwòrán náà, bí ẹni wà nínú agbo. Àwùjọ ni ó rí, kì í ṣe ẹnì kan. Àdánù rẹ̀ ni pé ìrora ẹnì kan ṣoṣo kò ráyè jáde. Ojú tí ó ń sunkún láti ọ̀nà jíjìn kò yàtọ̀ sí ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó Le Kú: fíìmù tí ó rán télọ̀ níṣẹ́

Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé irú àwòrán tí a yàn lè mú òǹwòran ṣe ohun kan nígbà tí fíìmù ti tán, Ó Le Kú ni kí a mú. Ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ọkàn rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láàrin Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ni gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde ní ọdún 1997, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró kúkúrú àti bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ bí èyí tí wọ́n rí lára àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀, irú aṣọ tí ó gbòde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Orúkọ tí wọ́n pe aṣọ náà ni olékú, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn télọ̀.

Ìwé náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwòrán ni ó ṣe é. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú àwọn ọmọbìnrin náà nìkan ni kámẹ́rà mú, aṣọ kankan kì bá tí jáde; ìró kúkúrú kò ṣe é rí àyàfi bí àwòrán bá gba ènìyàn láti orí dé orúnkún, ó kéré tán. Nítorí náà, bí a bá bi ọmọ léèrè ìdí tí àwòrán gbogbo ara fi wúlò nínú fíìmù ìfẹ́, kí ó má ṣe dáhùn pé ó ń fi ipò ènìyàn ní àwùjọ hàn kí ó sì dákẹ́. Ó tún ń fi ìgbà hàn. Aṣọ ni ó sọ fún òǹwòran pé ayé àtijọ́ ni a wà, láìsí asọ̀tàn tí ó la ẹnu.

Adé, orí àti ìlù: Ṣaworoidẹ

Ṣaworoidẹ ni fíìmù tí a rò pé ó dára jù láti fi kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìtàn rẹ̀ gan-an dá lórí ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí. Ìmùlẹ̀ wà láàrin ọba Jogbo àti àwọn ará ìlú. Adé àti ìlù ṣaworoidẹ ni ẹ̀rí rẹ̀. Lápitẹ́ jọba láìjẹ́ kí a ṣe ètò náà fún un bí ó ti yẹ. Lágàta tí ó jẹ́ ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà fẹ́ dé adé. Níkẹyìn, ìlù náà dún, orí sì fọ́ Lágàta títí ó fi kú.

Ìṣòro tí ó wà níwájú olùdarí ni pé ìlù wà níbì kan, orí wà níbòmíràn, ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kò ṣe é yà ní fọ́tò. Lórí ìtàgé, a ó rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú fíìmù, àwòrán kan ni yóò tẹ̀lé èkejì, òǹwòran ni yóò sì fi ọkàn ara rẹ̀ so wọ́n. Lev Kuleshov ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi èyí hàn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan ṣoṣo, ó fi àwo ọbẹ̀ tẹ̀lé e. Ó tún mú ojú kan náà, ó fi pósí tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ó fi obìnrin tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwọn òǹwòran yin òṣèré náà pé ó mọ bí a ti ń fi ebi, ìbànújẹ́ àti ìfẹ́ hàn lójú. Ojú kan náà ni. Àwọn ni wọ́n fi ìyókù kún un.

Nínú Ṣaworoidẹ, ohun tí òǹwòran Yorùbá fi kún un ju ti Kuleshov lọ, nítorí pé ó ti mọ ohun tí orí jẹ́, ó sì ti mọ ohun tí ìbúra jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé ìlù ni ó ń pa ẹni tí kò mulẹ̀. Bí ẹ̀sùn Sellers bá jẹ́ òótọ́ pé ojú wa kò lè fò láti àwòrán kan sí èkejì, ìparí Ṣaworoidẹ kì bá tí yé ẹnikẹ́ni. Ó yé ọmọdé, ó yé ìyá àgbà.

A tún gbọ́dọ̀ wo Ọ̀pálábà, ẹni tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe nínú fíìmù náà. Àgbàlagbà tí ó jókòó, tí ó ń mu, tí ó ń fi orin sọ òtítọ́, tí àwọn alágbára ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òwe àgbà tí ó fi ìjókòó rí ohun tí ọmọdé kò rí ni ó di ẹ̀dá ìtàn yìí. Bí a bá ní kí ọmọ wa yan ipò kámẹ́rà fún Ọ̀pálábà, tí ó sì gbé e sí òkè kí ó máa wò ó sílẹ̀, ojú àwọn ìjòyè ni ó fi wò ó, yóò sì rí ọ̀mùtí. Bí ó bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ bá a dọ́gba, àwọn ìjòyè ni yóò di ẹsẹ̀ tí ń kọjá, Ọ̀pálábà ni yóò sì di ènìyàn. Ìtàn kò yí padà rárá. Ẹ̀gbẹ́ tí a wà ni ó yí padà.

Ibi tí ewu wà

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí inú eré. Ní ọdún 1935, Leni Riefenstahl gbé fíìmù kan jáde nípa àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ní Jámánì. Léraléra ni kámẹ́rà ibẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí ó ń wo Hitler lókè, tí àwọn ènìyàn sì pọ̀ níwájú rẹ̀ bí koríko. Lónìí, olóṣèlú tí ó bá fẹ́ ìbò wa pẹ̀lú mọ ibi tí ó yẹ kí ayàwòrán òun dúró sí. Yóò jẹ́ kí a ya òun láti ìsàlẹ̀ lórí pèpéle. Bí ó bá sì fẹ́ kí a rò pé tiwa ni òun, yóò jókòó ti ìyá oníyán, kámẹ́rà yóò sì bá wọn dọ́gba. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ni ó yan ipò yìí fún un yóò rò pé ìfẹ́ tí òun ní sí ọkùnrin náà ti ọkàn ara òun wá.

Fún àwa tí a ń kọ́ni ní Ayewa, ní agbègbè Kàbbà, ewu náà ní ojú méjì. Èkíní ni ti èdè. Èdè Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ ni ọmọ ń gbọ́ nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò tí ẹnu Ọ̀yọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń gbọ́ nínú fíìmù. Bí ọfọ̀ tàbí òwe bá ta kókó létí rẹ̀, àwòrán ni yóò dì mú. Nítorí náà, ojú kámẹ́rà ń darí rẹ̀ ju bí ó ti ń darí ọmọ Ìbàdàn lọ, nítorí pé ọmọ Ìbàdàn lè fi ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ yẹ àwòrán tí ó rí wò. Èkejì ni pé kámẹ́rà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ wa lè wo fíìmù Yorùbá fún ọdún kan gbáko kí ó má gbọ́ "òkun o" tí a fi ń kí ara wa. Ibi tí a kò gbé kámẹ́rà dé pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: ó ń sọ fún ọmọ náà pé àwọn kan wà tí a ń wò, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti máa wòran.

Ní kíláàsì àti nínú ìdánwò

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò ní iṣẹ́ àwọn tí ń kọ́ eré ṣíṣe ní yunifásítì ni èyí, àti pé àkókò kò tó. A kò sọ pé kí a fi ẹ̀kọ́ tuntun kún ètò. Ojú-ìwòye asọ̀tàn wà nínú iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a fi kámẹ́rà ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí pé ọmọ mọ fíìmù ju bí ó ti mọ ìwé lọ.

Kò sì gba owó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gé fèrèsé onígun mẹ́rin sí àárín páálí. Bí ó bá gbé páálí náà súnmọ́ ojú, ohun púpọ̀ ni yóò rí. Bí ó bá na ọwọ́ jáde, fèrèsé náà kò ní gba ju ojú ènìyàn kan lọ. Ó ti ní àwòrán òkèèrè àti àwòrán àsúnmọ́. Lẹ́yìn náà, kí a mú ìran kan láti inú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-onítàn tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970: ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí Adétutù, ẹrú tí ó lóyún, wà lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán. Kí ọmọ méjì ṣe eré náà. Kí ọmọ kan kúnlẹ̀ ti Adétutù pẹ̀lú páálí rẹ̀. Kí èkejì dúró lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn Ẹfúnṣetán. Kí ẹ̀kẹta dúró ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ẹrú yòókù yóò wà. Kí kálukú wọn kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí etí ara wọn.

Ẹni tí ó wà pẹ̀lú Adétutù yóò kọ nípa ìkà. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn Ẹfúnṣetán lè rí i pé obìnrin tí kò ní ọmọ ni ó ń wo oyún ẹlòmíràn, kí ó sì kọ nípa ìbànújẹ́ tí ó di ìbínú. Ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà yóò kọ nípa ìbẹ̀rù. Nígbà náà ni kí olùkọ́ ní kí wọ́n padà sí inú ìwé, kí wọ́n wá èyí tí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé tì lẹ́yìn jù. A ti fi kámẹ́rà mú wọn padà sí ìwé kíkà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí wọ́n máa gbé lọ sí ìdí fíìmù èyíkéyìí: Ojú ta ni a fi ń wò ó? Kí ni àwòrán yìí fi pamọ́? Bí a bá gbé kámẹ́rà kúrò níbí, ta ni a ó ṣàánú?

Ní ti ìdánwò, èrò wa kò mì. Ìdáhùn tí ó ti inú fíìmù wá kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tí a béèrè lórí ìwé, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní máàkì nítorí pé ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìbéèrè, ó tọ́ kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún fíìmù ní orúkọ ara rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: "Yan ìran kan nínú eré-onítàn tí o kà. Sọ ibi tí ìwọ yóò gbé kámẹ́rà sí bí o bá fẹ́ kí òǹwòran ṣàánú ẹ̀dá ìtàn kan, kí o sì fi ọ̀rọ̀ inú ìwé gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀." Ọmọ tí ó wo fíìmù nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ tí ó há àkójáde ìtàn sórí kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó ka ìwé tí ó sì ronú nìkan ni yóò rí nǹkan kọ.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kámẹ́rà ni asọ̀tàn nínú fíìmù, àti pé ìwòsókè, ìwòsílẹ̀, àwòrán àsúnmọ́ àti àwòrán òkèèrè kò ní ìtumọ̀ kan tí ó wà títí láé. Àṣà ni ó ń fún wọn ní ìtumọ̀, Yorùbá sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀ láti inú ìdọ̀bálẹ̀, adé, agbo eré àti òwe. Ẹ̀sùn tí Sellers fi kàn wá, pé ojú wa kò gbó tó, ti wó lulẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀sùn tí ó lè dúró sí wa lọ́rùn báyìí ni pé àwọn ọmọ wa mọ fíìmù wò lálẹ́ àti lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí ó ń wò fún wọn. Àwa olùkọ́ ni ó lè yọ wọ́n níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì ju fèrèsé kan tí a gé sínú páálí lọ láti bẹ̀rẹ̀.